Sí Ọmọ Àbúrò Mi Tó Ń Múra JAMB

Àkànní ọmọ mi,

Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, ibi tí o ti ní o kò ní orí ìṣirò sì dùn mí. Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọ tó ń tú ìdá sí wẹ́wẹ́ láìwo ìwé, ìbéèrè ọjọ́ orí bàbá àti ọmọ kò tó ohun tí yóò lé e kúrò nínú ilé ìdánwò.

Ohun tí o gbọ́dọ̀ dì mú rèé: iye ọdún tí ènìyàn fi ju ẹnìkejì lọ kì í yí padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fi ọdún mẹ́ta jù ọ́ lónìí, ọdún mẹ́ta náà ni yóò fi jù ọ́ nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá hu ewú. Ìlọ́po nìkan ló ń dín kù.

Wo èyí. Lọ́dún 4 sẹ́yìn, ọjọ́ orí bàbá jẹ́ ìlọ́po 5 ti ọmọ rẹ̀. Lọ́dún 3 sí i, yóò jẹ́ ìlọ́po 3. Ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ náà báyìí?

Pe ọjọ́ orí rẹ̀ lónìí ní x. Nígbà yẹn lọ́hùn-ún, ọmọ jẹ́ x − 4. Bàbá tó jẹ́ ìlọ́po 5 rẹ̀ fi 4(x − 4) jù ú. Lọ́dún 3 sí i, ọmọ á di x + 3, bàbá á sì fi 2(x + 3) jù ú. Iye kan náà ni méjèèjì. Nítorí náà, 4x − 16 = 2x + 6, x sì jẹ́ 11. Ẹni ọdún 39 ni bàbá. Yẹ̀ ẹ́ wò: 35 àti 7 nígbà yẹn, 42 àti 14 lọ́jọ́ iwájú. Ó pé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fi ọdún kún ti bàbá, wọ́n á gbàgbé ti ọmọ. Bí àpapọ̀ ọjọ́ orí ẹni méjì bá jẹ́ 50 lónìí, 60 ni yóò jẹ́ lọ́dún 5 sí i, kì í ṣe 55.

Kí o tó tẹ ìdáhùn, tún ìlà ìparí ìbéèrè kà. Wọ́n lè to 7, 11, 14 àti 39 sí A dé D, gbogbo wọn ló sì jáde nínú iṣẹ́ rẹ.

Ìbéèrè 180 ni ẹ ó dáhùn ní wákàtí 2. Bí o bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí x bá rú ọ lójú, mú ìdáhùn kan níbẹ̀, fi dán ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè wò. Bí kò bá bára mu, mú òmíràn. Bí ó bá tún le, fò ó, kí o padà sí i tó bá yá.

Jọ̀wọ́, ṣe mẹ́wàá nínú irú rẹ̀ láti inú past question lọ́sẹ̀ yìí. Èyí tó bá dí ọ lọ́nà, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ì báà jẹ́ lóru.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ