Ẹ Má Buwọ́ Lù Ú Lónìí

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní Maryland tàbí ní Houston, kì í sábà jí kí aago kan ọ̀sán tó lù. Ó ń gbé omi tíì kaná, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìpolówó dé. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wọ kóòtù, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, eyín rẹ̀ funfun báláú. Wọ́n ní láàárín oṣù mẹ́sàn-án, ìwọ tí ò ń pààrọ̀ páńpáàsì fún bàbá oníbàbá lè di akọ̀wé ní ọ́fíìsì dókítà. Nọ́ńbà fóònù ń tàn yanran nísàlẹ̀. Ẹ má rò pé ìpolówó yẹn ṣèèṣì bọ́ sí aago kan ọ̀sán. Wọ́n mọ ẹni tó ń wà nílé lákòókò yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, tí ẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà rọ́nà wọ ọ́fíìsì, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ̀kọ́ náà dára, ẹ kọ́ ọ. Ibi tí ẹ ó ti kọ́ ọ, àti ìwé tí wọn yóò ní kí ẹ buwọ́ lù kí ẹ tó kọ́ ọ, ibẹ̀ ni ewu wà.

Ẹ gbọ́ ti Corinthian Colleges. Ilé-iṣẹ́ olówò ni, kì í ṣe ti ìjọba. California ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1995, ó sì tàn kálẹ̀ débi pé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, tí púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́ Everest. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, Kamala Harris, tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ California nígbà náà, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ pé wọ́n ń purọ́ nípa iye akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó ń ríṣẹ́. Ohun kan wà nínú ìwé ẹ̀sùn náà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Nínú ìwé abẹ́lé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, wọ́n kọ irú ẹni tí wọ́n ń wá kiri: ẹni tó dá wà, tí kò ní sùúrù, tí kò ka ara rẹ̀ sí, tí àwọn tó bìkítà fún un kò tó nǹkan.

Ta ni wọ́n ń júwe yẹn, bí kì í ṣe ẹni tó ń sùn ní yàrá abẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n sì ti ń fojú kan wo owó iná? Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe ni lẹ́nu tiwa. Àwọn wọ̀nyí jókòó, wọ́n fi ṣe ètò ọjà títà.

Àbúrò mi kan bọ́ sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2010. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní NCE, fìsà lọ́tìrì ló gbé e dé. Ó pe nọ́ńbà tó rí lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n pè é padà nígbà méje. Ọkùnrin tó ń pè é mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì ń béèrè bóyá ọmọ náà ti jẹun. Ó ní ààyè méjì péré ló kù, pé bí kò bá wá lónìí, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àbúrò mi dé ọ́fíìsì wọn, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀, ọkùnrin náà ń nàka, òun ń tẹ̀ ẹ́. Ìjọba ló máa san owó náà, ohun tí wọ́n sọ fún un nìyẹn. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́: díẹ̀ nínú owó náà jẹ́ Pell Grant, ẹ̀bùn tí a kì í san padà. Ìyókù, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá dọ́là, gbèsè ni, orúkọ òun nìkan ló sì wà nídìí rẹ̀.

Kí ni wọ́n kọ́ ọ? Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ lẹ́tà nínú Word. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣí Excel, bí a ṣe ń fa ìlà yí tábìlì ká, bí a ṣe ń kun ún. Ó gba sátífíkéètì, a sì jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lé e lórí. Nígbà tí ilé ìwòsàn kan pè é fún ìdánwò iṣẹ́, wọ́n fún un ní fáìlì Excel kan: orúkọ àwọn aláìsàn wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú iye tí wọ́n jẹ. Wọ́n ní kí ó yọ àwọn tó dà pọ̀ kúrò, kí ó sì sọ iye tó wọlé lóṣooṣù. Ogún ìṣẹ́jú. Ó sọ fún mi pé òun kun orí tábìlì náà ní búlúù, òun wá jókòó.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba wà ní ìrìn bọ́ọ̀sì díẹ̀ sí ilé rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní community college kò jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú yín: Prince George's Community College ti wà ní Maryland láti ọdún 1958, ti Houston ti wà láti 1971. Owó wọn kéré gan-an sí ti àwọn olówò, krẹ́díìtì ẹ̀kọ́ tí ẹ bá gbà níbẹ̀ sì lè tẹ̀lé yín dé yunifásítì. Kí ló dé tí kò lọ? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa: ojú ń tì wá. Ẹni tó dé ibi ayẹyẹ ní Bowie, Maryland, tó ní community college lòun ń lọ, wọn á wò ó bí ẹni tó kùnà ìdánwò. Ẹ pe tiyín ní “institute,” gbogbo tábìlì á kí yín kú oríire. Àwọn olówò mọ èyí náà.

Ẹ wá gbọ́ bí gbèsè náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Láyé àtijọ́, ológò á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á máa pa adìẹ rẹ̀ jẹ títí wọn yóò fi rí owó náà san. Ti Amẹ́ríkà kì í wá sílé. Bí ẹ kò bá san ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ fún 270 ọjọ́, wọ́n lè mú tó 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó kù nínú iṣẹ́ yín lẹ́yìn owó orí, láìlọ ilé ẹjọ́. Wọ́n lè gba owó orí tó yẹ kí wọ́n dá padà fún yín. Ẹni tó bá lọ sílé ẹjọ́ láti sọ pé òun wọko gbèsè kì í sábà bọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti wà lábẹ́ irú gbèsè bẹ́ẹ̀, ìjọba kò ní fún yín ní kọ́bọ̀ mìíràn láti fi kàwé. Pell Grant náà ní òpin: sáà méjìlá ni gbogbo rẹ̀ láyé ẹni. Èyí tí ẹ bá fi kọ́ kíkun tábìlì ní búlúù, ẹ ti ná an.

Ẹnìkan á ní ṣebí ìjọba ti fagi lé irú gbèsè wọ̀nyẹn. Lóòótọ́, Corinthian kógbá sílé ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ITT Technical Institute tẹ̀lé e ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba kéde pé òun fagi lé bílíọ̀nù 5.8 dọ́là fún 560,000 akẹ́kọ̀ọ́ Corinthian. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín 2015 sí 2022. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà tì ti wà nílé ìwé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí àbúrò mi lọ kò sì sí nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní ìfọwọ́sí, ẹ béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i. Àjọ kan tó ń jẹ́ ACICS ló fọwọ́ sí ITT àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn Everest, ìjọba àpapọ̀ sì gba agbára lọ́wọ́ àjọ náà pátápátá lọ́dún 2022. Ẹ mú orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà ládùúgbò, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba krẹ́díìtì ibẹ̀. Bí wọ́n bá mirí, ẹ máa lọ sílé. Ẹni tó bá ní kí ẹ buwọ́ lùwé lónìí, ẹ ní lọ́la ni. Fọ́ọ̀mù FAFSA tí a fi ń béèrè owó ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá gba ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́wọ́ yín láti bá yín kọ ọ́, ì báà jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń rẹ́ yín jẹ ni. Ẹni tó ní green card lè kọ ọ́; ẹni tó wá pẹ̀lú fìsà akẹ́kọ̀ọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà, ẹni tó bá sọ fún un pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, irọ́ ló pa.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba náà, ẹ má sùn. Àwọn kíláàsì kan wà tí wọn kò ní krẹ́díìtì, owó ìjọba kì í sì sábà bo irú wọn. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Lọ́dún 2017, àbúrò mi forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà nítòsí ilé rẹ̀ fún kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan. Àpò ara rẹ̀ ló ti san án, nítorí gbèsè àkọ́kọ́ ti ti ìlẹ̀kùn ìyókù. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, tíṣà fún wọn ní fáìlì tí orúkọ dà pọ̀ nínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n yọ wọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà á lẹ́yìn tí wọ́n fi hàn án. Ó pè mí láti ibùdókọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ó fi ìwé owó oṣù rẹ̀ hàn mí. Ológò ti mú tirẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.