Ìjà Nínú Àtìmọ́lé: Ìgbà Wo Ló Di Ọ̀ràn Ẹgbẹ́?

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọkùnrin mẹ́ta ya bo ẹnì kan nínú àtìmọ́lé ní Kalifóníà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ọ̀kan nínú wọn sì ṣẹ́ eegun àgbọ̀n rẹ̀. (Àtìmọ́lé ni mo wí, kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n: ibẹ̀ ni ẹni tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ wà, àti ẹni tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gùn.) Àwọn wọ́dà rí i. Fún lílù náà nìkan, òfin lè fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 2, 3 tàbí 4. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fi hàn pé nítorí ẹgbẹ́ jàǹdùkú ló ṣe lù ú, wọ́n lè fi ọdún 10 kún un. Lórí ọdún 10 yìí ni àríyànjiyàn máa ń wà.

Orúkọ tí a ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Kì í ṣe pé inú ẹni kò dùn nìkan ló tó. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ kì í pe ẹlẹ́rìí mìíràn. Ìwé àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń kà, wọ́n á sì béèrè bóyá a tẹ̀ lé òfin, àti bóyá ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ tó.

Ọdún 1988 ni wọ́n ṣe òfin ẹgbẹ́ jàǹdùkú yìí. Ní 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kalifóníà sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn tí ọmọ ẹgbẹ́ bá dá ni ọ̀ràn ẹgbẹ́. Nínú àtìmọ́lé gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, àwọn wọ́dà a máa bi ẹni tó ń wọlé pé ẹgbẹ́ wo ló ń bá rìn, kí wọ́n lè ya ọ̀tá sọ́tọ̀. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ rẹ ló sùn tì ọ́, yálà o fẹ́ tàbí o kọ̀. Ní 2015, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà sọ pé wọ́dà lè béèrè, ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ́kọ́ sọ fún ẹni náà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́, agbẹjọ́rò ìjọba kò gbọdọ̀ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe ẹ̀rí láti fi ro ẹjọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Lójú tèmi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò purọ́ nígbà tí irọ́ lè mú kí wọ́n tì í mọ́ àárín àwọn ọ̀tá rẹ̀?

Títí di òpin 2021, ọlọ́pàá tó mọ̀ nípa ẹgbẹ́ lè jẹ́rìí pé lílù náà mú kí àwọn ènìyàn máa bẹ̀rù ẹgbẹ́ náà, èyí sì lè tó. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022 kò gba òkìkí nìkan mọ́. Èrè náà gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: owó, ẹ̀san, kíkọlu ẹgbẹ́ ọ̀tá, tàbí dídẹ́rù ba ẹlẹ́rìí. Ní ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ pé òfin náà kan àwọn ẹjọ́ tí kò tíì parí pátápátá.

Nítorí náà, bí ọkùnrin wa bá wà lẹ́nu kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nígbà náà, tí àkọsílẹ̀ kò sì sọ ju òkìkí lọ, ẹ̀bi lílù náà yóò dúró, ọdún 10 yóò sì bọ́ kúrò. Ìjọba lè tún un rò lábẹ́ òfin tuntun. Wọn yóò wá ní láti wí ohun tó fa ìjà náà gan-an: ṣé nítorí pé ẹni tí wọ́n lù fẹ́ jẹ́rìí ni, àbí nítorí oúnjẹ alẹ́?