Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́: Písítìnnì Tó Há Jù Lẹ́yìn Rìbọ́ọ̀

Kíláàsì: SS 2, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀, Ìgbẹ̀ìn, Abẹ́òkúta

Ohun èlò: sìlíìfù àti písítìnnì Bajaj Boxer 100, ríǹgì, maikirómítà, bore gauge, feeler gauge, òkúta họ́ọ̀nù, ọṣẹ, àkísà funfun

Èròǹgbà

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá fi parí, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ ohun tó ń mú kí písítìnnì há, kí ó lè wọn àlàfo tó wà láàárín písítìnnì àti sìlíìfù, kí ó sì mọ èyí tí a óò fọwọ́ kàn nínú méjèèjì.

Ìfáàrà

Abẹ́òkúta kì í ṣe ilẹ̀ títẹ́jú. Ọlọ́kadà tó ń gbé èrò gun òkè láti àárọ̀ di alẹ́ ń lo ẹnjìnnì rẹ̀ gan-an ni. Bó pẹ́ bó yá, ọkadà á bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì, èéfín á máa rú lẹ́yìn rẹ̀, mẹkáníìkì á sì ní kó lọ ṣe rìbọ́ọ̀. Oníléèdì á fẹ sìlíìfù, wọ́n á ra písítìnnì tó ju ti àkọ́kọ́ lọ ní 0.25 mm tàbí 0.50 mm. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkadà á dìde dáadáa. Kò ní tíì dé orí òkè tí agbára rẹ̀ á fi máa dínkù, tí ẹnjìnnì á sì dì pa. Tó bá tutù tán, kíìkì á tún lọ. Ẹ kọ àmì yìí sílẹ̀: ó ń ṣiṣẹ́ ní tútù, ó ń dì ní gbígbóná.

Ohun tó fà á

Alumíníọ̀mù ni písítìnnì, irin ni sìlíìfù. Ooru máa ń mú méjèèjì fẹ̀, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ihò sìlíìfù Boxer 100 fẹ̀ ní 53 mm. Bí ooru bá pọ̀ sí i, písítìnnì á fẹ̀ ju sìlíìfù lọ. Àlàfo tó wà láàárín wọn á dínkù nìyẹn. Tí oníléèdì bá fi 0.02 mm péré sílẹ̀, níbo ni ọ́ìlì fẹ́ gbà kọjá? Irin á máa ha alumíníọ̀mù lára títí tí wọn á fi gbá ara wọn mú.

Kí a tó dá písítìnnì lẹ́bi

Ẹ kọ́kọ́ wo ríǹgì. Ẹ fi ríǹgì nìkan sínú sìlíìfù, ẹ fi orí písítìnnì tì í kí ó dúró dọ́gba, kí ẹ wá ti feeler gauge bọ àárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Tí ẹnu méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, wọn á pàdé nígbà tí ooru bá mú, ríǹgì á sì máa ha sìlíìfù. Fáìlì la fi ń gé ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀tì orí ẹnjìnnì tí a fún le lápá kan ju èkejì lọ tún lè mú kí sìlíìfù wọ́.

Àtúnṣe

Mo ti rí i tí àwọn ọmọṣẹ́ ń fi sáńpépà ha ara písítìnnì. Ẹ má ṣe é láéláé. Àwọn tó ṣe písítìnnì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí ẹyin díẹ̀, kí ó lè di róbótó nígbà tó bá gbóná. Sáńpépà ń ba ìrísí yẹn jẹ́, kò sì sí ohun tó lè dá a padà.

Sìlíìfù ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Ẹ fi maikirómítà wọn písítìnnì nítòsí ìsàlẹ̀, ní ìdábùú sí ihò pín-ìnnì. Ẹ wọn sìlíìfù lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ìwé ẹni tó ṣe ẹnjìnnì ló ń sọ iye àlàfo. Nínú ẹnjìnnì kékeré báyìí, bíi 0.03 sí 0.05 mm ló wọ́pọ̀. Ẹ wá fi òkúta họ́ọ̀nù àti ọ́ìlì rìn lọ rìn bọ̀ nínú rẹ̀ kí ìlà rẹ̀ máa dábùú ara wọn, torí inú àwọn ìlà yẹn ni ọ́ìlì ń dúró sí. Ẹ dá iṣẹ́ dúró lóòrèkóòrè kí ẹ wọ̀n ọ́n: ohun tí òkúta bá ti ha kúrò kì í padà mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí àkísà funfun á fi jáde ní funfun, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀ kí ó má dípẹtà. Yanrìn òkúta tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ yóò jẹ ríǹgì tuntun.

Àkíyèsí: ẹnjìnnì ọkọ̀ òfúrufú kékeré

Irú ẹnjìnnì tí wọ́n ń pè ní ABC, tí a ń fi sínú ọkọ̀ òfúrufú àfiṣeré, kò ní ríǹgì. Idẹ tí a fi kúróòmù bò ni sìlíìfù rẹ̀, ó sì fún díẹ̀ lókè. Tó bá tutù, písítìnnì á há nígbà tó bá dé òkè. Àìsàn kọ́ nìyẹn o! Sìlíìfù yẹn ń fẹ̀ ju písítìnnì lọ bí ó bá gbóná, àlàfo rẹ̀ á sì bá a mu gẹ́lẹ́. Kí a fi ooru yá a díẹ̀ kí a tó yí i ló tọ́. Ẹni tó bá ha á ti bà á jẹ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Písítìnnì wọn 53.21 mm, sìlíìfù wọn 53.23 mm. Mélòó ni ẹ óò ha kúrò kí àlàfo tó di 0.04 mm?
2. Kí ló dé tí híhá ní tútù fi jẹ́ àléébù nínú Boxer, tí kò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ABC?
3. Ẹ lọ kí mẹkáníìkì kan ládùúgbò yín, kí ẹ béèrè ohun tó fi ń wọn àlàfo lẹ́yìn rìbọ́ọ̀. Ẹ kọ èsì rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an.