Ọ̀já Ìkookò Elétí Ìyeyè àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ ọ̀já ìkookò, ewéko tí ewé rẹ̀ nípọn tí ó sì nàró bí idà. Fọ́nrán inú ewé àwọn ìbátan rẹ̀ ni a ti ń fi ṣe okùn àti ọsán ọrun ní ilẹ̀ Áfríkà. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kan wà tí etí ewé rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè láti ìdí dé ṣóńṣó. Èyí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí ó tètè ń sọnù mọ́ ẹni tí kò mọ ìwà rẹ̀ lọ́wọ́.

Kì í ṣe àlejò. Láti ilẹ̀ Nàìjíríà títí dé Kóńgò ni irúgbìn náà ti ń hù fún ara rẹ̀. David Prain fún un ní orúkọ Sansevieria trifasciata ní 1903. Láti 2017 ni àwọn onímọ̀ ti ń kà á mọ́ Dracaena. Elétí ìyeyè ni a pè ní Laurentii, nítorí Émile Laurent, ará Bẹ́ljíọ̀mù tí ó ṣa ewéko jọ ní Kóńgò.

Ewé rẹ̀ ni àmù rẹ̀. Àwọn ihò kéékèèké ara rẹ̀ a máa pa dé ní ọ̀sán, wọn a sì ṣí ní òru, kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀ gbẹ. Nítorí náà òùngbẹ kì í tètè pa á. Àpọ̀jù omi ni ó ń pa á.

Iyanrìn Àgbádárìgì dára fún un, nítorí kì í dá omi dúró. Ṣùgbọ́n kò lọ́ràá. Kí a po iyanrìn ìwọ̀n méjì mọ́ ilẹ̀dú ìwọ̀n kan, kí a sì bù ú sínú ìkòkò amọ̀ tí a dá ihò sí ìdí rẹ̀. Kí a gbé e sí ibi tí ó mọ́lẹ̀, tí oòrùn ọ̀sán gangan kò ti ní pa á. Kí a ki ìka bọ inú ilẹ̀ kí a tó bomi rin ín. Bí ọ̀rinrin bá wà, kí a dúró. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje, kí a gbé e sábẹ́ òrùlé.

Àwa fúnra wa ṣe àṣìṣe kan. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò. A ti rí i pé etí ewé àbámọdá a máa hu ọmọ, a sì sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì pé bákan náà ni èyí yóò rí. A gé ewé rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, a rì wọ́n sínú iyanrìn. Lẹ́yìn oṣù púpọ̀ ọmọ yọ, ṣùgbọ́n aláwọ̀ ewé lásán ni gbogbo wọn. Ní àkókò kan náà, òjò ti pa ìyá wọn, ìdí rẹ̀ sì ti rà, ó ku ẹ̀ka kan. Ọmọ kan bi wá pé, “Tísà, níbo ni ìyeyè rẹ̀ lọ?” A kò rí èsì fọ̀.

Èsì náà nìyí. Ara irúgbìn yìí jẹ́ oríṣi méjì tí ó ń dàgbà pọ̀. Ti àárín ní àwọ̀ ewé tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ. Ti etí kò ní in. Bí a bá gé ewé, láti inú ara ti àárín ni ọmọ ti ń yọ, kì í bá ti etí wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó yọ láti ara gbòǹgbò tí ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀ bí atalẹ̀ a máa gba méjèèjì lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, bí a ti í yọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí a yọ ọ́. Kí ọmọ náà ti ní ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí a fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀. Kí a jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ gbẹ ní ibòòji fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kí a gbìn ín, kí a má sì bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan. A gé ìdí tí ó rà kúrò lára ẹ̀ka wa, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti bí ọmọ méjì, etí wọn sì pọ́n.

A padà sí kíláàsì, a jẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ náà pé a ti ṣì wọ́n lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí a máa gbé àbámọdá àti ọ̀já ìkookò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí ìyàtọ̀ wọn. Ohun tí olùkọ́ kò bá tíì dán wò, kí ó má ṣe fi dá ọmọdé lójú.