Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ALÁÀÁNÚ: TA NI ỌMỌ ÒRUKÀN WA Ń BÁ RÌN?

  

Ẹ̀kọ́ wa dá lórí ọmọ òrukàn tó wà ní JSS 1 sí JSS 3, ìyẹn ọmọ bí ọdún 11 sí 14. Nínú òfin Ìsìláàmù, ọmọ òrukàn ni ẹni tí bàbá rẹ̀ kú kí òun tó bàlágà. Nítorí náà, ìgbà tí orúkọ yìí fẹ́ kúrò lára rẹ̀ gan-an ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ń wọ̀ ọ́ létí ju ọ̀rọ̀ ìyá lọ.

Ní ọdún 2005, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Margo Gardner àti Laurence Steinberg, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wa ọkọ̀ nínú eré orí kọ̀ǹpútà. Bí ọkọ̀ bá ṣe rìn tó ni máàkì ń pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tètè dúró yóò ní jàǹbá nínú eré náà. Àwọn kan dá ṣe é, àwọn mìíràn ṣe é lójú ẹlẹgbẹ́ wọn méjì. Àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 tí ẹlẹgbẹ́ ń wò fi ara wewu gan-an ju àwọn tó dá wà lọ. Àwọn tó ti tó ọdún 24 sókè kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wo ọmọ tiwa. Ọmọ tó bá sọ níwájú ìyá rẹ̀ tàbí ìgbìmọ̀ wa pé òun kò ní fa igbó kò purọ́. Òótọ́ ló sọ ní ìdákọ́ńkọ́. Lẹ́yìn ilé-ìwé, níbi tí ẹlẹgbẹ́ mẹ́ta ti ń pè é ní ojo, ọ̀rọ̀ á di òmíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fo ògiri, tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń sáré, tí wọ́n ń tọ́ tramadol wò. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n òfin kò lè tẹ̀lé ọmọ délé.

Ànábì (S.A.W.) fi ọ̀rẹ́ rere wé ẹni tó ń ta àlùmísíkì, ó sì fi ọ̀rẹ́ búburú wé ẹni tó ń fẹ́ ewìrì alágbẹ̀dẹ. Hádíìsì yìí wà nínú Bùhárí àti Múslímù. Ẹ kíyè sí i pé elewìrì kò sọ pé òun fẹ́ jó ẹnikẹ́ni láṣọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹni tó dúró tì í ni èéfín bá.

Kí ló wá mú tọmọ òrukàn yàtọ̀? Oúnjẹ ọ̀sán ni. Ẹgbẹ́ ti san owó ilé-ìwé, a ti ra aṣọ àti ìwé. Nígbà tí aago ìsinmi bá lù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra búrẹ́dì àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, òun fara ti ògiri. Ẹ̀gbọ́n kan láti SS 2 á rà fún un lẹ́ẹ̀kan, á rà á lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, á ní kí ó bá òun mú nǹkan kan dé ọ̀dọ̀ lágbájá. Ọmọ náà kò ní lè kọ̀. Ìmoore ni, kì í ṣe ìwọra. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ náà ni wọ́n fi ń mú un.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sọ pé kí sàká dúró lórí owó ilé-ìwé, kí ìyá wá oúnjẹ. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Súrà 9, áyà 60 fi ìpín sàká fún aláìní. Ọmọ òrukàn tí bàbá rẹ̀ fi ọrọ̀ sílẹ̀ fún kò ní ìpín níbẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ òrukàn lásán, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò jẹun láti àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, aláìní ni.

Ẹ má sì ṣe rò pé kí á ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ pátápátá. Kò ṣeé ṣe. Ohun tó ń fa ọmọ sí búburú náà lè fà á sí rere. Bí ọmọ wa méjì tàbí mẹ́ta bá wà ní ilé-ìwé kan, kí wọ́n jọ máa rìn lọ sí ilé kéwú ní aago mẹ́rin. Kí mùálíímù sì fi tó ìyá létí lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹnì kan kò bá dé.

Ànábì fúnra rẹ̀ kò bá bàbá láyé. Ó tó ọmọ ọdún 8 nígbà tí bàbá bàbá rẹ̀ kú, Àbú Tọ́líbù sì gbà á tọ́. Ìtàn sọ pé nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún 12, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yìí mú un dání lọ sí ìrìn-àjò òwò ní Ṣáámù. Ó bọ́ ọ, ó tún mú un rìn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù tàbí iṣẹ́ ọwọ́, tó lè gba ọmọkùnrin kan sọ́dọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, tàbí tó fẹ́ san owó oúnjẹ ọ̀sán ọmọ kan fún táàmù kan, kí ó rí akọ̀wé tàbí akápò lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwọn ọmọbìnrin náà wà o. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ni yóò mú wọn.