Lọ́jọ́ Ẹsikọ́ṣọ̀n, Ẹ Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èèwọ̀ náà yé mi, mi ò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà láàárín ọdún tí mo fẹ́ kí gbogbo tíṣà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ da èèwọ̀ yẹn láìbẹ̀rù ètùtù: ọjọ́ tí wọ́n bá kó ọmọ sínú bọ́ọ̀sì pé àwọn ń lọ wo Òkúta Olúmọ, tàbí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Àgbádárìgì.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo dúró nísàlẹ̀ Olúmọ, níbi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí. Bọ́ọ̀sì oníjókòó 18 kan dé. Bí àwọn ọmọ ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ni mò ń kà wọ́n. Mo ti ka 31 kí ọwọ́ mi tó tàsé. Orí ẹ́ńjìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ni ọmọ kan ti sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbá kúlà ìrẹsì mọ́ra bí ẹni gbé àbúrò rẹ̀. Tíṣà méjì ló bá wọn wá: ọ̀kan ń ya fọ́tò, èkejì ń bá ẹni tó ń gba owó géètì ná ọjà. Ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà gàdàgbà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta gúgúrú ka orúkọ lẹ́yìn ọmọbìnrin kan, ó pè é. Ọmọ yà lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sáré lọ bá a bíi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè é. Gúgúrú lásán ni ọkùnrin náà fẹ́ tà. Àmọ́ àyà mi já.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé kí wọ́n fòpin sí ẹsikọ́ṣọ̀n. Ìlà kan péré ni ìwé ìtàn fi ń sọ fún ọmọ pé abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830. Ọmọ tó bá ti tẹ̀ ba wọ abẹ́ àpáta yẹn, tó fọwọ́ kan òrùlé òkúta tútù lókè orí rẹ̀, kò ní í gbàgbé títí ayé. Ohun tí mò ń bá wí ni bí a ṣe ń tọ́jú owó ẹsikọ́ṣọ̀n àti ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ju bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kíkà náà. Kíka iye kò tó. Ẹ lè ka 31 kí ó pé pérépéré, kí ó sì jẹ́ pé ọmọ iléèwé mìíràn ló wà nínú wọn, tí tiyín ṣì wà ní ilé ìtọ̀. Orúkọ ni kí ẹ fi máa pè wọ́n, kí ọmọ dáhùn fúnra rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá wọkọ̀, nígbà tí wọ́n bá sọ̀, kí wọ́n tó kúrò níbikíbi. Kí ọmọ méjì-méjì di ọwọ́ ara wọn mú. Ẹni tí kò bá rí èkejì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ké. Tíṣà kan kò gbọ́dọ̀ mójú tó ju ọmọ mẹ́wàá lọ. Bí bọ́ọ̀sì bá sì ti ṣófo, kí àgbà kan rìn dé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, kí ó tẹ̀ ba wo abẹ́ rẹ̀. Ọmọ máa ń sùn lọ. Ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn ń gbóná bí ààrò, ó sì ti pa ọmọ rí kárí ayé. Ní ti orúkọ ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ pa á rẹ́. Nọ́ḿbà fóònù iléèwé ni kó wà níbẹ̀.

Ìgbà tí a ń yàn gan-an kò dára. Lẹ́yìn ìdánwò táàmù kẹta, nínú oṣù Keje, ni ọ̀pọ̀ iléèwé máa ń jáde, ìgbà tí òjò ń rọ̀ dáadáa nílẹ̀ Yorùbá. Òkúta Olúmọ á máa yọ̀. Omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, tó ń já bọ́ ní ìpele méje, á ti kún, ewédò á sì bo òkúta ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ló burú nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ? Bí ẹ bá sì fẹ́ sọdá ọ̀sà ní Àgbádárìgì, ẹ wo láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé fún ọmọ. Ti àgbàlagbà máa ń bọ́ gba orí ọmọ kékeré yọ nínú omi. Bí wọn ò bá ní ti ọmọdé, ẹ dúró sí etí omi, kí ẹ sọ ìtàn ìlú náà fún wọn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tún wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, ní Emùré-Èkìtì, àwọn ajínigbé kó ọmọ iléèwé 5, olùkọ́ 3 àti awakọ̀ wọn nínú bọ́ọ̀sì iléèwé. Ilé lásán ni wọ́n ń lọ lẹ́yìn iléèwé, kì í ṣe ẹsikọ́ṣọ̀n. Bí ìyẹn bá lè ṣẹlẹ̀ lọ́nà ilé, ti ọ̀nà jíjìn ńkọ́? Nítorí náà, ẹ má gbé ìrìn-àjò tí ẹ kò tíì rìn sórí WhatsApp, kí ẹ sì wà nílé kí oòrùn tó wọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ aró. Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni wọ́n ń kó ọmọ lọ láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ, àwọn iléèwé míì sì ń pe aláró wá sínú ọgbà wọn, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan rẹ aṣọ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Àmọ́ aró òde òní kì í ṣe kìkì ewé èlú àti omi eérú tí ìyá àgbà lò. Àwọ̀ tí wọ́n ń rà lọ́jà ló pọ̀ nínú rẹ̀, kọ́sítíìkì sódà àti háídrósì ló sì ń mú un ṣiṣẹ́. Kọ́sítíìkì yìí funfun, ó jọ iyọ̀. Bí a bá dà á sómi, omi á gbóná láìsí iná. Bí ó bá kan ọwọ́, kì í ta ọmọ lójú ẹsẹ̀ bí omi gbígbóná. Yíyọ̀ ló kọ́kọ́ ń yọ̀ bí ọṣẹ, ọmọ á máa fi ọwọ́ ra á, á máa rẹ́rìn-ín, kó tó mọ̀ pé awọ òun ló ń jó. Bí ó bá ta sójú, ó lè fọ́ ọ.

Kí aláró po aró rẹ̀ tán kí ọmọ kankan tó dé. Inú omi tútù ni kí ó da kọ́sítíìkì sí, kì í ṣe omi lé kọ́sítíìkì, kó má sì lo ìkòkò alumíníọ̀mù. Èyí tó bá ṣẹ́kù kò gbọ́dọ̀ wọ inú ike omi mímu láéláé. Tèmi ni pé kí ọmọ má tilẹ̀ sún mọ́ aró yẹn. Ẹ fún un ní ẹ̀kọ láfún àti ìyẹ́ adìẹ, kí ó fi ya ẹja àti ẹyẹ sórí aṣọ bí àwọn oníṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti ń ṣe, kí aláró sì bá a rẹ ẹ́. Inú ọmọ á dùn sí ẹja tó yà ju aró lọ.

Bí kọ́sítíìkì bá wá kan ọmọ, omi ni o. Omi tó ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹ bọ́ aṣọ tó kàn kúrò, kí ẹ tó gbéra lọ ọsibítù. Ẹ má fi epo pupa pa á, ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo, ẹ má sì mú kí ó bì, torí bó ṣe jó o lọ́nà ọ̀fun nígbà tó ń lọ náà ló máa jó o nígbà tó bá ń bọ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìrẹsì tí a sè ní aago mẹ́rin ìdájí, tí a rọ́ gbígbóná sínú kúlà, tí a ṣí ní aago méjì ọ̀sán: ẹ wo omi tó ń kán láti ara ọmọrí rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Búrẹ́dì, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wuyì nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n wọn kì í da inú rú lọ́nà márosẹ̀.

Àwọn tíṣà kan tún ní àṣà tí mo kórìíra: wọ́n á ní kí ọmọ má mu omi, kó má baà máa dá ọkọ̀ dúró nítorí ìtọ̀. Ọmọ tí jínótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, tí ẹ ní kó gun òkè nínú oòrùn pẹ̀lú òùngbẹ, ìrora ni ẹ ń pè wá bá a. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má fi SS tàbí asíímà ọmọ yín pamọ́ fún iléèwé nítorí ìtìjú. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ fi ínhélà asíímà rẹ̀ lé Àǹtí rẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe sínú báàgì ọmọ.

Bí fọ́ọ̀mù bá dé ní táàmù tó ń bọ̀, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ bi wọ́n léèrè pé ìjókòó mélòó ló wà nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ mélòó ló ń lọ, àti ta ni yóò máa pe orúkọ wọn. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó sílé lọ́jọ́ náà, bó bá tilẹ̀ sunkún. Bí ó bá sì ń lọ, ẹ kọ nọ́ḿbà yín sí ìwé péńpé kan, kí ẹ kọ 122 ti FRSC àti 112 ti pàjáwìrì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ rán an mọ́ inú àpò ṣòkòtò rẹ̀.