Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ìṣọyà, àti Ibi Tí A Ti Ń Ka Èèyàn

Ìṣọyà wà ní gúúsù Ilé-Ifẹ̀, lápá ọ̀nà tó lọ sí Oǹdó. Ilẹ̀ igbó ni, ó sì gba kòkó dáadáa. Oko ọ̀pọ̀ nínú yín kò jìnnà síbẹ̀. Nítorí náà, mi ò ní jókòó máa ṣàlàyé bí a ṣe ń fọ́ kòkó, bí a ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, àti bí a ṣe ń yí i lórí ẹní. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Kí ẹ sáà má ṣe torí owó kíákíá gbé e lọ tà nígbà tí kò tíì gbẹ.

Ìtàn ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Láyé ogun, ìjà ńlá wáyé láàárín Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́. Lọ́dún 1849, àwọn ará Ifẹ̀ sá kúrò nílé, Ìṣọyà sì ni wọ́n fàbọ̀ sí. Wọ́n padà ní 1854. Ní 1882, ogun tún dé, Ifẹ̀ tún dahoro, wọ́n tún gba Ìṣọyà lọ. Àwọn mìíràn lọ sí Òkè-Igbó, ìlú tí Dẹ́rìn Ọlọ́gbẹ́ńlá tẹ̀ dó. Ó di 1894, láyé Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní, kí wọ́n tó padà sílé. (A kò dá ẹjọ́ ogun yẹn nínú ìwé yìí. Ọmọ Ifẹ̀ àti ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ló ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà níbí, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.)

Ẹ ṣírò rẹ̀ sínú ìwé yín: láti 1882 dé 1894, ọdún mélòó ni? Ọdún méjìlá. Fún ọdún méjìlá, àwọn èèyàn ń sùn ní Ìṣọyà, wọ́n ń jí níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni sọ pé wọn kì í ṣe ọmọ Ifẹ̀ mọ́? Rárá o.

Lẹ́yìn ogun ni kòkó dé. Iṣu la máa ń gbìn tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gẹ́, obì àti epo pupa. Ẹni tó gbin iṣu lè wálé nígbà tó bá wù ú. Kòkó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó so, ó sì lè máa so títí ọmọ yóò fi jogún rẹ̀. Àìsàn ń dà á láàmú nígbà òjò, ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ ẹ́, olè ń ká a. Kòkó ló sọ àgbẹ̀ di ará abà. Òun náà ló fa àwọn tó ti ìlú mìíràn wá tọrọ ilẹ̀, tí wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀.

Lọ́dún 1969, àwọn olùkọ́ àgbẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí à ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, bẹ̀rẹ̀ ètò ìdàgbàsókè kan ní Ìṣọyà àti àwọn abà tó yí i ká. Wọ́n kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà tuntun láti gbin àgbàdo, wọ́n sì gbà wọ́n níyànjú láti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò lọ wá àgbẹ̀ ní ojúlé bàbá rẹ̀ ní Ìrẹ̀mọ nílùú Ifẹ̀. Ibi tí àgbẹ̀ ń sùn ni wọ́n lọ.

Wàyí o, ibi tí àwọn kíláàsì tó ṣáájú yín ti ń ṣìnà nìyí. Mo bi ìyá kan pé, “Ìyá, níbo lẹ̀ ń gbé?” Wọ́n ní, “Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ ni.” Mo ní, “Ìyá, ilé bàbá yín nìyẹn. Níbo lẹ sùn lánàá?” Wọ́n ní, “Ní abà.” Mo ní, “Oṣù tó kọjá ńkọ́?” Wọ́n ní, “Abà náà ni.”

Ibi tí o ti wá yàtọ̀ sí ibi tí o ń gbé. Ẹ tún un kà: ibi tí o ti wá yàtọ̀ sí ibi tí o ń gbé. Òṣìṣẹ́ ìkànìyàn kò béèrè ibi tí wọ́n sin ìwọ́ rẹ sí. Ibi tó bá ọ ni yóò ti kà ọ́. Nígbà ìkànìyàn tó kẹ́yìn, láti ọjọ́ 21 sí 27 oṣù Kẹta ọdún 2006, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti abà wọ̀lú kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ ìlú wọn. Ẹ jẹ́ ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn ń gbé abà kan. Ọgọ́rin wọ̀lú. Ogún péré ni wọ́n bá nílé. Nígbà tí ìjọba bá ń wá ibi tí wọn yóò kọ́ ilé ìwòsàn sí, ogún ni wọn yóò rí nínú ìwé. Tí ibà bá mú ọmọ yín lóru ní abà, ẹni tí wọ́n kà mọ́ Ìlódè kò lè fi iye Ìlódè wo ọmọ sàn.

Àwọn kan tún ń sọ pé, “Kí wọ́n kà wá ní ibi méjèèjì.” Irọ́ pípa nìyẹn, ẹ má ṣe dán an wò. Ti ìdìbò yàtọ̀ díẹ̀: òfin ìdìbò gba ẹni tó ń gbé àdúgbò kan, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, láyè láti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ti rú òfin.

Ìjọba fẹ́ ṣe ìkànìyàn mìíràn ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọjọ́ yòówù kó bọ́ sí, ẹ dúró sí abà yín. Ní báyìí, ẹ mú bírò. Ẹ kọ orúkọ ìlú bàbá yín sórí ìlà kan. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ sùn lánàá sórí ìlà kejì. Ẹni tí orúkọ méjèèjì kò bá bára mu kò ṣe àṣìṣe. Kó fi ìwé rẹ̀ hàn mí.